Ìbọn Kan, Ẹni Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ìbọn Ọdẹ Alábóòtì àti Ọta Tí Gbogbo Ilé Lè Jọ Lò

Ìbọn ọdẹ tí mo kọ́kọ́ rà ní Texas, èjìká ara mi nìkan ni mo rò kí n tó sanwó. .30-06 ni (orúkọ irú ọta tó ń yìn nìyẹn), ó fúyẹ́, ó rẹwà, ó sì ń tàpá bí ìbaaka. Ìyàwó mi yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá Tóbi, ẹ̀yin nìkan lẹ ni eléyìí." Ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà yẹn, yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó máa yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ti dì pa kí ìka rẹ̀ tó kan tírígà. Ìbẹ̀rù yẹn kò tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Odidi oṣù mẹ́fà la fi ìbọn .22 kékeré rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà. Èmi ni mo rà á bí ẹni pé èmi nìkan ni mo wà nílé.

Ìbọn tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa jọ lò, ẹni tó kéré jù láàárín wọn ni kí ẹ fi wọn ìbọn náà, kì í ṣe ẹni tó sanwó. Ọkùnrin gìrìpá lè lo ìbọn tó kúrú, tí kò sì tàpá púpọ̀. Ọmọ ọdún 13 kò lè lo ìbọn gìrìpá. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ìbọn alábóòtì ni mò ń sọ, èyí tí a máa fi ọwọ́ gbé bóòtì rẹ̀ sókè, ká fà á sẹ́yìn, ká tì í padà kí ọta tuntun tó wọlé. Ọ̀nà tí Mauser ti ilẹ̀ Jámánì gbà ṣe tirẹ̀ ní 1898 ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń tọ̀ títí dòní. Fún ilé tó ń jọ lo ìbọn, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé a lè yọ bóòtì náà kúrò pátápátá. Ìbọn tí bóòtì kò sí nínú rẹ̀, ọ̀pá irin lásán ni.

Kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù: ta ni òfin gbà láàyè?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí kúrò nílẹ̀ ná, torí òun ló lè kó ọmọ Yorùbá sí wàhálà jù. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card lè ra ìbọn, kó sì máa lò ó, bí òfin kò bá ti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn tàbí nǹkan mìíràn dè é. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó wá kí ẹbí, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láàyè kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un, tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tán, wà lára ohun tó lè yọ ọ́. Nítorí náà, àbúrò yín tó wá lo ìsinmi láti Ìbàdàn, ẹ má kàn gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ kó fi ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé.

Ẹni tó ń ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò máa kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 4473. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń rà á fún ara yín. Ẹ lè fi owó yín ra ìbọn ta ìyàwó yín lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fún yín lówó pé kí ẹ bá òun rà á torí pé òun kò lè yege àyẹ̀wò, ẹ̀wọ̀n ló ń pè yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹnì kan bá ń gbé nínú ilé tí òfin kà ìbọn léèwọ̀ fún, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin yíyá ara ẹni ní ìbọn yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín.

Ní Texas, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní September 2, 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lè dọdẹ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ti lè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe é ni, ọmọ wa ló sì gba máàkì tó ga jù, kò sì jẹ́ ká gbàgbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, tiyín le ju tiwa lọ. Ọlọ́pàá ló ń fún yín ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì máa kọ ìbọn kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀. Bí tọkọtaya bá fẹ́ jọ ní ìbọn kan, kí oníkálukú gba ìwé tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìbọn náà sórí méjèèjì.

Ẹran wo, níbo, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn tó mélòó?

Bí ẹ kò bá tíì dáhùn èyí, ẹ má tíì jẹ́ kí olóòjà kankan bá yín sọ̀rọ̀ kálíbà, ìyẹn irú ọta tí ìbọn ń gbà àti bó ṣe tóbi tó.

Lọ́dọ̀ wa níbí, àgbọ̀nrín onírù funfun àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù ní Texas, nítorí náà a máa ń dá owó fún onílẹ̀ ni. A ó jókòó sínú àtíbàbà kékeré kan, ẹ̀rọ á máa fọ́n àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bàbá mi àgbà tó fi ṣakabùlà ṣọdẹ lóru pẹ̀lú àtùpà lórí ìbá rẹ́rìn-ín tó bá rí wa. Láti ibi tí a jókòó sí dé ibi àgbàdo, yáàdì 100 ni, nígbà mìíràn 150. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun ṣe ń dọdẹ nìyí kò nílò ọta tí wọ́n ṣe fún yáàdì 600, bó ti wù kí olóòjà kọ ọ́ lórin tó.

Àyè tí ọta gbọ́dọ̀ bà lára àgbọ̀nrín, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, kò ju íǹṣì 8 lọ ní fífẹ̀, bí àwo ìjẹun kékeré. Ibi tí ẹni tó kéré jù nínú yín bá ti lè fi ọta márùn-ún ba inú àwo yẹn léra-léra, ibẹ̀ ni ọ̀nà yín jìn dé. Ẹ má kọjá ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ dọdẹ elk ní Colorado, ẹ̀yà àgbọ̀nrín ńlá kan tí akọ rẹ̀ lè wọn 700 pọ́ùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ tún wo òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Ní Texas, .22 kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé kò bófin mu fún àgbọ̀nrín. Ní Ohio, fún irú ìbọn yìí, ọta tí ìkarahun rẹ̀ gùn gbọọrọ láìní ọrùn nìkan ni wọ́n gbà fún àgbọ̀nrín, nítorí náà kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀ tó máa bá yín mu níbẹ̀. California ti fòfin de ọta olójé fún ìṣọdẹ láti July 1, 2019. Ní England, ọta tí wọ́n fi ń pa àwọn àgbọ̀nrín ńlá kò gbọdọ̀ kéré ju .240 lọ, agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò sì gbọdọ̀ dín sí 1,700 fúútù-pọ́ùn; .243 ló kéré jù tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ sábà máa ń mú.

Kálíbà, níbi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀

Àwọn orúkọ wọ̀nyí máa ń da èèyàn láàmú, ṣùgbọ́n ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1952, Winchester gbé .308 jáde. Ní 1955, wọ́n fún ọrùn ìkarahun rẹ̀ mọ́ra kó lè gba ọta tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pe ìyẹn ní .243. Ní 1980, Remington fún un díẹ̀ sí i ju ti .308 lọ, kò tó ti .243, òun ni 7mm-08. Ìyá kan ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn sì ń wọ inú ìbọn tó kúrú díẹ̀, tí bóòtì rẹ̀ kò rin ọ̀nà jíjìn. 6.5 Creedmoor, tí Hornady gbé jáde ní 2007, kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, ṣùgbọ́n ìbọn kúkúrú yẹn náà ló ń wọ̀. .30-06 ti 1906 àti .270 ti 1925 náà jẹ́ ẹbí. Àwọn wọ̀nyí gùn, ìbọn wọn náà gùn ju ìbọn kúkúrú yẹn lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìtàpá. Fúútù-pọ́ùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: agbára tó gbé pọ́ùn kan sókè fúútù kan. Nínú ìbọn tó wọn nǹkan bíi pọ́ùn 8, .243 máa ń ta padà pẹ̀lú bíi 9. 6.5 Creedmoor bíi 12. 7mm-08 bíi 13. .308 sún mọ́ 17. .30-06 sún mọ́ 20. .300 Winchester Magnum kọjá 25. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ìbọn gbà pé láti 15 sókè ni ẹni tí kò tíì mọwọ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú, tó sì máa ń já tírígà gbà dípò kó rọra fà á. Ọta tó lágbára tó bá ìfun jẹ́ ìṣòro ju ọta kékeré tó bá ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹran yẹn á sá, á jìyà, ẹ̀yin á sì fi tọ́ọ̀ṣì wá a títí di ààjìn.

Tí ẹ bá rò pé ẹ lè ra ìbọn fífúyẹ́ kó lè rọrùn fún ọmọ láti gbé, ẹ rántí pé bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe máa tàpá tó. Ìbọn pọ́ùn 6 tó ń yin .308 máa jẹ́ kí èjìká mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́. Pọ́ùn 7 àbọ̀ sí 8, pẹ̀lú awò lórí, ló dára fún ilé. Ẹ fún ọmọ ní ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó fi gbé e lé.

Ó dáa, èwo ni kí ẹ mú?

Bí gbogbo yín bá jẹ́ àgbà, tí ara yín sì gbà á, .308 ni. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ọta kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí ẹ máa dé tí ẹ kò ní bá a. Ọta rẹ̀ tó wọn 150 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta) máa ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú nǹkan bíi 2,800 fúútù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí àgbọ̀nrín tàbí ẹlẹ́dẹ̀ tó máa sọ fún un pé kó padà.

Bí ẹni tó kéré jù bá jẹ́ ọmọ ọdún 10 tàbí 11, tàbí obìnrin tí ara rẹ̀ kéré gan-an, .243 ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn. Ọta 95 sí 100 gíréènì tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé fún àgbọ̀nrín ni kí ẹ rà. Àwọn 55 sí 70 gíréènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, fún àwọn ẹranko kéékèèké ni, wọ́n máa fọ́ sára awọ láìwọlé dáadáa. Kí ẹni náà tún mọ̀ pé .243 kì í dárí ji ẹni tó bá yìn ín síbi tí kò yẹ. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ti dàgbà, awọ èjìká rẹ̀ nípọn bí apata; ẹ dúró kó yí ẹ̀gbẹ́ sí yín dáadáa.

Láàárín méjèèjì ni ilé tèmi bọ́ sí. 7mm-08 ni mo rà nígbà tí mo ta .30-06 yẹn. Ọta 140 gíréènì rẹ̀ ń ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí .308 ṣe, kò sì lé ẹnikẹ́ni nínú ilé sá. Àmọ́ mi ò ní tan yín: ní 2020 àti 2021, nígbà tí ọta ṣọ̀wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà, ti 7mm-08 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ di àwátì. Páálí mẹ́rin péré la fi lo odidi àsìkò kan. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, tó ní kí n yan fún òun, 6.5 Creedmoor ni mo máa ní kó rà. Ìtàpá rẹ̀ àti ti 7mm-08 kò jìnnà síra, ọta rẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Àwọn àgbà ọdẹ ibí máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọta àwọn ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ̀fẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní .30-06 tàbí .270 tẹ́lẹ̀, tí owó òmíràn kò sì sí, ọta tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù wà. Hornady ń ta tirẹ̀ lórúkọ Custom Lite. Ó ń dín ìtàpá kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó máa bà kì í ṣe ibi tí ọta yín àtẹ̀yìnwá ń bà, nítorí náà ẹ ní láti tún awò tò, kí gbogbo ilé sì máa lo ọ̀kan yẹn.

Ohun èlò ẹnu ìbọn tó ń dín ìtàpá kù, tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé. Ariwo tó yẹ kó lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbé e sí, ẹni tó jókòó tì yín nínú àtíbàbà ló sì máa jẹ ẹ́. Ìbọn ọdẹ ti ń ké kọjá 140 désíbẹ̀lì tẹ́lẹ̀, ariwo ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ sì tó láti ba etí jẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bo etí, ẹni tó ń wòran náà.

Ìdí ìbọn: ẹni tí apá rẹ̀ kúrú jù ló ni ín

Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe, torí kálíbà ni gbogbo wọn ń jà lé lórí. Láti tírígà dé ìparí ìdí ìbọn, èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó íǹṣì 13 àbọ̀ sí 13 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọkùnrin tó ga bíi fúútù mẹ́fà ni wọ́n ń rò. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú, tó bá gbé irú rẹ̀, ṣe ló máa gbé ìdí ìbọn sí apá dípò inú èjìká, á fi ẹ̀yìn sẹ́yìn bí aboyún, á na ọrùn wá awò. Ìbọn á gbá a níbi tí egungun wà. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní ẹ̀rù ìbọn ló ń bà á.

Báyìí ni kí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ rí i pé ìbọn ṣófo. Kí ẹni tó kúrú jù ká apá rẹ̀ ní ìgúnpá bí lẹ́tà L, ẹ gbé ìdí ìbọn sínú kọ̀rọ̀ ìgúnpá náà, kí ọ̀pá ìbọn tẹ̀ lé apá lọ sókè. Bí orí ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ bá dé tírígà wẹ́rẹ́, ó bá a mu. Bí ó bá ní láti na ìka, ó gùn jù. Ọ̀nà yìí kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ rà.

Àwọn ìbọn kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí gan-an. Mossberg Patriot tí wọ́n ń pè ní Super Bantam ṣeé yí láti íǹṣì 12 sí 13, nípa fífi pátákó ike kékeré sí i tàbí yíyọ ọ́. Savage 110 tó ní AccuFit náà ní irú àwọn ike bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní èyí tí wọ́n ń fi gbé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn lé sókè. Fún ọmọ tó ń dàgbà, nǹkan tó dáa ni, torí bó ṣe ń ga lẹ ó máa fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ó máa yí i nínú igbó bí ìbọn bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Sìkúrúdíráfà lẹ máa fi ṣe é. Ẹ tò ó sí ìwọ̀n ẹni tó kúrú jù, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ga ní fúútù mẹ́fà géérégé, íǹṣì 12 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni tiwa. Ọjọ́ kìíní kò bá mi lára mu. Nígbà tí òtútù dé, tí mo wọ kóòtù tó nípọn, mo rí i pé òun gan-an ló yẹ mí.

Bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú púpọ̀. Bí òsì bá pọ̀ jù, Savage àti Tikka ń ta èyí tí bóòtì rẹ̀ wà ní òsì. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan péré, ó lè lo ti ọ̀tún. Ó kàn máa falẹ̀ díẹ̀ láti tún ọta gbé sí i ni, ọta ẹ̀ẹ̀kíní ló sì máa ń parí ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín.

Tírígà tí kò le, tí kò sì rọ̀ jù. Pọ́ùn 3 sí 4 dára. Ohun ìdènà tó ń tì í kó má baà yìn, kó rọrùn fún àtàǹpàkò ọmọdé láti tì síwájú, kó sì má dún tàà.

Awò orí ìbọn fún ojú mẹ́ta

3-9x40 tó wọ́pọ̀ ti tó: ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 3 sí 9, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 40. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé báwo ni ojú ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí awò tó kó tó ríran dáadáa. Ẹ má ra èyí tó bá dín sí íǹṣì 3 àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ìdí ìbọn bá kúrú, ẹni gíga ni orí rẹ̀ máa sún mọ́ awò jù, bí ìbọn bá sì tàpá, etí awò á fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ya. Mo ní àpá kékeré kan lókè ojú ọ̀tún tó lè jẹ́rìí sí i.

Kí ẹ tó de awò pa, ẹ ṣí i kó lè rìn síwá sẹ́yìn. Kí ẹni gíga kọ́kọ́ gbé ìbọn tó ṣófo sójú, kó jókòó, kó tún dùbúlẹ̀ dojú bolẹ̀, torí ìgbà tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ ni orí máa ń rá síwájú jù. Ẹ ti awò síwájú títí tó fi jìnnà sójú rẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà kí ẹni kékeré gbé e. Bí ó bá ṣì ń rí gbogbo àyè awò láìsí dúdú létí, ẹ dè é mọ́ ibẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí awò wà ní 3, kí ẹ tún ṣe é nígbà tó wà ní 9, torí púpọ̀ nínú wọn máa ń yí padà.

Ojú ìyàwó mi nílò gíláàsì, tèmi kò nílò. Òrùka kan wà ní ìdí awò, lẹ́bàá ojú, tí ẹ lè fi mú kí àgbélébùú inú rẹ̀ hàn ketekete. Yíyí i kò ní yí ibi tí ọta ń bà padà, nítorí náà oníkálukú lè ní àyè tirẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì la fi sàmì sí tiwa: pupa jẹ́ ti ìyàwó mi, funfun jẹ́ ti ọmọ, ibi tí kò ní nǹkan kan jẹ́ tèmi.

Ọta kan, ìwé kan

Ẹ ra páálí mẹ́ta oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo èyí tí ìbọn yín fẹ́ràn, torí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ọ̀pọ̀ nínú ọ̀kan yẹn, bí ó bá ṣeé ṣe kí nọ́ńbà ara wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Páálí kan tí ọta 20 wà nínú rẹ̀ lè tó dọ́là 30 sí 50, kì í ṣe owó kékeré. Láti ìgbà náà, ọta mìíràn kò gbọdọ̀ wọ àpò ìbọn yẹn mọ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Bí ilé yín bá ti ní ìbọn .223, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìbọn tó ń yin ọta 300 Blackout mọ́ ọn fún ọmọ, bí wọ́n ti ń gba ọ̀pọ̀ òbí níyànjú nítorí pé kì í tàpá. Ìkarahun .223 ni wọ́n fi ṣe ọta 300 Blackout. Ó lè wọ inú ìbọn .223, bóòtì lè tì mọ́ ọn, bí ẹ bá sì fa tírígà, ìbọn máa bẹ́ lójú yín.

Ẹnì kan ni kó to awò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ jù. Nílé wa, èmi kọ́. Ní yáàdì 100, ẹ jẹ́ kí ọta máa bà ní bíi íǹṣì kan àbọ̀ sókè àárín, lẹ́yìn náà ó máa bà nítòsí àárín gan-an ní yáàdì 200. Lórí ọ̀pọ̀ awò, "kẹ́kẹ́" kan tí ẹ bá gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí i máa sún ọta ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ní yáàdì 100. Nígbà tó bá tán, kí àwọn yòókù yin mẹ́ta mẹ́ta. Ọta tiwọn lè má bà níbi kan náà, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kálukú sùn lé ìbọn lọ́nà tirẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju íǹṣì kan àbọ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlú tí ọba mẹ́ta ń jẹ kì í tòrò. Ìbọn tí ẹni mẹ́ta bá ń yí awò rẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tó kọjú sí mọ́. Ẹ de ìdérí rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé: ọjọ́, ọta, ẹni tó yìn ín, ibi tó bà.

Kí ọmọ má yin ju mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó kù, kó fi .22 yìn wọ́n, tàbí kó fi ọta ike tí kò ní ẹ̀tù nínú fa tírígà nínú ilé nígbà tí àgbà wà níbẹ̀. Ẹ fi ọta ike yẹn sáàárín ọta gidi láìjẹ́ kó mọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń di ojú máa já ìbọn wálẹ̀ nígbà tí kò sí ariwo kankan, gbogbo yín á rí i, òun náà á rí i.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ìbọn tí ẹni mẹ́ta ń lò ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ju ti ẹnì kan lọ, àkókò yẹn gan-an ni jàǹbá máa ń ṣẹlẹ̀. Tiwa rèé: ẹni tó fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn máa kọ ẹnu ìbọn sílẹ̀ tàbí sókè, á fa bóòtì sẹ́yìn pátápátá, á yọ àpò ọta, á fi ìka kékeré kan inú ihò, á ní, "Ó ṣófo." Ẹni tó fẹ́ gbà á máa wo inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, á ní, "Mo rí i." Kí ìyẹn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, a kò ní fi sílẹ̀. Ọmọ wa máa ń dá mi dúró bí mo bá gbàgbé, mo sì máa ń dúró.

Bí a bá ń lọ láti ọkọ̀ sí àtíbàbà, ẹnì kan gbé ìbọn, ẹlòmíràn fi bóòtì sápò. Nínú ilé, ìbọn wà nínú àpótí irin, bóòtì wà níbòmíràn tí a tì, ọta náà ní àpótí tirẹ̀. Ẹni méjì péré ló mọ nọ́ńbà àpótí ìbọn, ọmọ kò sí nínú wọn, bó ti wù kó gba máàkì tó.

Ní ti owó, ẹ lè rí Savage Axis tàbí Ruger American láàárín dọ́là 400 sí 650, Tikka T3x lè lé ní 800. Mo ti yin gbogbo wọn. Àgbọ̀nrín kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí owó yín bá kù, ẹ fi kún awò àti ọta ìdánrawò.

Ta ni máa kọ́kọ́ dì í mú ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù November, tí wọ́n ń ṣí àsìkò àgbọ̀nrín ní Texas? Ẹ sọ ọ́ nílé, kó tó di òwúrọ̀ yẹn. Tiwa ni pé ẹni tí kò pa nǹkan kan lọ́dún tó kọjá ló ń jókòó sídìí rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó bá sì yìn ín kẹ́yìn ló máa nù ún, tó máa fi òróró pa á, tó máa kọ ọ́ sínú ìwé kó tó jẹun alẹ́.